Aṣọ Oṣù Mẹ́fà Lọ́rùn Ọmọ Oṣù Mẹ́sàn-án

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Bàrígà là ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin mi ti lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́sàn-án. Mo rí ẹ̀rọ kan tó ń se oúnjẹ ọmọ, tó sì ń lọ̀ ọ́ kúnná nínú ike kan náà, ₦95,000. Èmi ni mo máa kó àjọ ìparí oṣù yìí. Ọkọ mi ní kí n má fowó ṣòfò, pé ògì ni wọ́n fi tọ́ òun dàgbà. Ògì náà lọmọ ń mu báyìí, ẹni tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ló ń po ó fún un. Kì í ṣe pé ọmọ náà ń yọ wá lẹ́nu o. Ibi tí ẹ bá gbé e sí náà lẹ máa bá a, kò sì náni lówó aṣọ, àwọn tí wọ́n kó wá níbi ìkómọ, tí wọ́n kọ oṣù 3 sí 6 sí lọ́rùn, ṣì ń bá a mu dáadáa. Ẹ bá wa dá a: ṣé kí n rà á àbí kí n fi sílẹ̀? Ìyá Ọmọge, Bàrígà."

Ìyá Ọmọge, mo ka lẹ́tà rẹ dé ibi aṣọ, mo yọ awò ojú mi, mo tún un kà.

Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ọpẹ́ nìyẹn? Ọmọ tó ti lé lóṣù mẹ́sàn-án, aṣọ ọmọ oṣù mẹ́fà ń bá a mu "dáadáa", o sì ń ròyìn rẹ̀ fún mi bí ẹni tó ná ọjà tó rí ẹ̀dínwó gbà. Ibi tí ẹ gbé e sí lẹ máa bá a! Ọmọ tó yẹ kó ti máa rá lọ sídìí búkẹ́ẹ̀tì, kó máa fa wáyà tẹlifíṣọ̀n, kí gbogbo ilé máa pariwo orúkọ rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ lo fi sílẹ̀ tí o ń pa làpálàpá, ₦95,000 lo sì fẹ́ fi pa á.

Ìgbà wo lo wọn ọmọ yìí gbẹ̀yìn? O ò sọ, mo sì fura sí ìdí tí o ò fi sọ. Ọ̀pọ̀ yín ló jẹ́ pé láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 14 ni káàdì ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo mọ bó ṣe ń rí. Ọ̀sẹ̀ 12 péré ni òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún abiyamọ láti fi sinmi. Òfin kan náà ní kó máa rí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọmọ lọ́mú. Ìdajì wákàtí! Ẹni tó kọ ọ́ kò gun afárá Third Mainland rí láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Káàdì tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ni ẹ̀bi rẹ.

Mo lẹ́nu láti sọ ọ́ nítorí mo ṣe irú rẹ̀ rí. Ọmọ mi kejì dákẹ́ báyìí náà, gbogbo àdúgbò ń yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí mo wá gbé e dé orí òṣùwọ̀n, nọ́ọ̀sì wo ìwọ̀n, ó wò mí, ó ní, "Màdámù, ọmọ yín kì í ṣe jẹ́jẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni." Ojú tì mí níwájú èrò tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

Tọrọ àyè níbi iṣẹ́ lọ́la. Gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba tó sún mọ́ yín. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́sàn-án wà ńlẹ̀ láti gbà, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì wé téèpù mọ́ ọn lápá òkè. Bí apá bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 12.5, àìjẹunre ti ń bá a jà. Bó bá lọ sísàlẹ̀ 11.5, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìtọ́jú ń bẹ̀rẹ̀. Wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà kí ẹ tó kúrò nílé. Bó bá funfun ju bó ṣe yẹ lọ, sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó sì lè jẹ́ ọmọ kékeré ni Ọlọ́run fún ọ, kí gbogbo ìbínú mi yìí já sí asán. Inú mi máa dùn. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ló máa sọ ìyẹn, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe aṣọ.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kì í ṣe ẹni tí à ń lọ oúnjẹ fún kúnná mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń kọ́ jíjẹ, kó bá kókó díẹ̀ níbẹ̀. Fọ́ọ̀kì ti tó láti fi tẹ iṣu. Àti pé nígbà tí o bá ti kúrò nílé láago márùn-ún, tí kò síná, ta ló máa lò ó?

Ẹni tó ń bá ọ tọ́jú ọmọ yẹn gan-an ló kù tí mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Ṣé o ti jókòó tì í rí kí o wo ohun tó ń po? Ògì kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n o mọ bí a ṣe ń sẹ́ ẹ. Eèrí tí à ń kó dànù ń kó èyí tó pọ̀ nínú èrè àgbàdo lọ. Bu ògì náà sí ṣíbí kí o dẹ ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá dà bí omi, omi lọmọ rẹ ń mu. Ó gbọ́dọ̀ ki. Ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, edé, epo pupa ṣíbí kékeré kan, ẹyin tó jinná, ẹ̀wà tí a bó, ẹja ṣàwá tí a yọ eegun rẹ̀ dáadáa: ohunkóhun tí ẹ bá ti ní nílé lọ́jọ́ náà. Kó jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, kí ọmú sì wà lóru. Má gbàgbé ẹ̀dọ̀, nítorí èròjà tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ (iron) tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ ti ń tán lọ tó bá ti tó oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan kò sì lè dí i.

Ọkọ rẹ, ẹni tí wọ́n fi ògì tọ́, kó pe ìyá rẹ̀ kó bi í léèrè ohun tó ń bù sínú ògì ọ̀hún. Ìdáhùn màmá á yà á lẹ́nu.

Kó àjọ rẹ, kí o fi pamọ́ díẹ̀ ná. Kí o sì kọ̀wé sí mi padà. Iye tí nọ́ọ̀sì bá kọ sórí káàdì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà.