Ìbéèrè òun Ìdáhùn: Ibo la ti lè mòòkùn ní Monterey láìfi ẹ̀mí wa wéwu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston. Èmi àti ọkọ mi gba káàdì ìmòòkùn ní Cozumel, ní Mexico, lọ́dún tó kọjá, a sì ti mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, gbogbo rẹ̀ nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní oṣù kẹwàá, iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí San José fún ọ̀sẹ̀ kan. A fẹ́ fi ọjọ́ Sátidé ibẹ̀ lọ mòòkùn ní Monterey, ní California níbẹ̀ náà. A ti rí àwòrán Monastery Beach àti Point Lobos, wọ́n sì wù wá gan-an. Èwo ni ká lọ? Ọkọ mi ní kí n bi yín nípa ẹja shark. Irun dídì ni mo sì máa ń ṣe. Ṣé kò ní dí mi lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú. Ẹ má lọ sí Monastery. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn. Ibi tí ẹ ó lọ ni San Carlos Beach, nínú ìlú Monterey gan-an, èyí tí gbogbo òmòòkùn ibẹ̀ mọ̀ sí Breakwater. Ẹnìkan lè sọ fún yín pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Òótọ́ ni. Èmi tí mo ti ń kọ́ni létíkun yẹn láti ọdún mọ́kànlá, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń lọ lọ́jọ́ ìsinmi mi.

Ní Cozumel, ọkọ̀ ojú omi ló gbé yín dé orí ibi tí ẹ ti fẹ́ mòòkùn. Ẹ kàn fẹ̀yìn jábọ́ ni. Ní Monterey, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn wọ inú òkun, ẹrù bí ọgbọ̀n kílò lẹ́yìn yín, ìgbì níwájú yín. Ẹ ó tún rìn jáde nígbà tó bá ti rẹ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi wo àwòrán yan ibi tí mo máa lọ. Ìgbì ọjọ́ náà ni mo máa ń wò. Kí ẹ tó wọ aṣọ, ẹ jókòó ti òkun fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbì kì í wá ní dọ́gbadọ́gba: kéékèèké á máa wá, ẹ ó rò pé ó ti tán, ńláńlá mẹ́ta mẹ́rin á wá tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó wo ìṣẹ́jú méjì péré, àwọn kéékèèké nìkan ló rí.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí mo fi kọ Monastery? Kò tilẹ̀ sí nínú Monterey Bay. Carmel Bay ló wà, ní gúúsù ìlú Carmel. Ọ̀gbun abẹ́ òkun kan tí wọ́n ń pè ní Carmel Canyon, ẹ̀ka ọ̀gbun ńlá Monterey, yọrí sí ìtòsí etí omi níbẹ̀. Ìgbì tó bá gba orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ wá, agbára rẹ̀ á ti dín kó tó gúnlẹ̀. Ti Monastery kò rí ilẹ̀ tó máa dá a lẹ́kun, ìdí ẹsẹ̀ èèyàn gan-an ni ìgbì náà ti máa ń fọ́. Etí omi dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òrùlé, yanrìn ibẹ̀ sì rí hóróhóró bí gàrí tí wọn kò jọ̀, ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀ ni. Àwọn tó kú níbẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn òmòòkùn sọ etíkun náà ní Mortuary Beach, etíkun ilé òkú.

Mo rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ti mòòkùn tán, tí inú rẹ̀ ń dùn. Omi kò ju orúnkún rẹ̀ lọ mọ́. Ó bọ́ awò ojú, ó yọ rẹ́gúlétọ̀ tó fi ń mí lẹ́nu, ó dìde dúró kó lè juwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ìgbì kan gbá a lẹ́yìn, ó dojú bolẹ̀. Omi tó ń padà sínú òkun fà á lẹ́sẹ̀, èkejì tún bò ó. Àwa méjì la wọ́ ọ jáde, yanrìn kún ẹnu rẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lóòótọ́ ni mo sọ pé kí ẹ má lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìgbì bá bá yín níbikíbi tí ẹ ti ń jáde: ẹ má dìde. Ẹ fi awò sójú, ẹ fi rẹ́gúlétọ̀ sẹ́nu, ẹ rá bí ọmọ oṣù mẹ́jọ títí ẹ ó fi dé ibi tí omi kò lè dé.

Point Lobos dára ní tirẹ̀. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń dáàbò bo abẹ́ omi ibẹ̀. Ṣùgbọ́n iye òmòòkùn tí wọ́n ń gbà lóòjọ́ níye, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ ṣáájú, méjìméjì ni wọ́n sì ń wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìrìn-àjò kejì.

Ní Breakwater, ògiri òkúta gígùn kan ló gba ìgbì dúró, yanrìn rẹ̀ sì tẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè máa tẹ̀ lé ògiri náà, ó wà lápá ọ̀tún yín bí ẹ ti ń jáde lọ. Ẹ ó gbọ́ ariwo àwọn kìnnìún òkun lókè òkúta kí ẹ tó rí wọn, òórùn wọn á sì ti ṣáájú ariwo. Ẹ má sún mọ́ wọn. Bó bá wù wọ́n, àwọn fúnra wọn á wá yín wá. Ọ̀nà kejì ni páìpù àtijọ́ kan tó nà lórí yanrìn. Ẹ tẹ̀ lé e dé nǹkan bíi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nísàlẹ̀, ẹ ó bá òkúta tí Metridium bò pátápátá. Ó funfun, ó ní ọrùn gígùn, orí rẹ̀ rí bùkẹ̀bùkẹ̀ bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹ̀dá abẹ̀mí ni, kì í ṣe òdòdó. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ rú yanrìn sí i, á ká kúrú wọlé.

Kelp lẹ kò tíì bá pàdé rí. Ewéko òkun ni, ó lè ga sí i ní 30 sẹ̀ǹtímítà láàrin ọjọ́ kan, ó sì máa ń tẹ́ rẹrẹ sójú omi bí ẹní. Lábẹ́ rẹ̀, ó dà bí inú igbó kìjikìji tí oòrùn ń yọ́ wọ̀, èmi ò sì tíì rí i kó sú mi. Wàhálà rẹ̀ wà lójú omi. Ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yín tán sábẹ́ ẹní yẹn. Bí géèjì afẹ́fẹ́ yín bá ti kà 1,000 psi, kí ẹ ti máa wá ibi tó là láti gòkè. Bó bá wé mọ́ yín, ẹ má ṣe yí gbirigbiri, ẹ má fà á. Ẹ mú igi rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́, á dá pó bíi kárọ́ọ̀tì tútù.

Ní apá ibòmíràn, kelp ò pọ̀ bíi tàtijọ́ mọ́. Láti ọdún 2013 ni àrùn kan ti pa àwọn ìràwọ̀ òkun ńlá tó ń jẹ òòrẹ̀ òkun, òòrẹ̀ wá ń bí sí i, wọ́n sì ń jẹ kelp tìdítìdí. Ẹ ó rí wọn, elésè àlùkò, nínú gbogbo ihò òkúta. Ẹ ṣọ́ orúnkún yín.

Ó kan òtútù. Omi ibẹ̀ kì í sábà ju 10 sí 15 lórí ìwọ̀n Celsius. Nígbà ìrúwé, afẹ́fẹ́ máa ń ti omi òkè kúrò létíkun, ti ìsàlẹ̀ tó tutù jù á gòkè wá, pẹ̀lú ohun tó ń bọ́ àwọn ewéko kéékèèké inú omi, omi á wá ṣú bí ọbẹ̀ ewédú. Oṣù kẹwàá tí ẹ mú dára, ìgbà náà ni omi máa ń mọ́ jù. Aṣọ rọ́bà tó nípọn tó mílímítà méje ni kí ẹ háyà, pẹ̀lú fìlà, ìbọ̀wọ́ àti bàtà. Rọ́bà yẹn máa ń léfòó, nítorí náà òjé kílò mẹ́rin tó tó yín ní Cozumel lè di mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n wò: bí sìlíńdà bá ti ń tán lọ, tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú jákẹ́ẹ̀tì ìmòòkùn tí ẹ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, kí omi dúró sí ìpele ojú yín bí ẹ ṣe ń mí. Ẹ gba olùkọ́ kan tó mọ ibẹ̀ fún ìmòòkùn àkọ́kọ́. Mi ò sọ èyí torí owó, nítorí mi ò ní sí nílé lóṣù yẹn.

Irun yín kò burú, ibi tí ẹ bá dì í jọ sí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má kó o jọ sí àtàrí, fìlà rọ́bà ò ní wọlé. Kí ẹ dì í sísàlẹ̀ ní ẹ̀yìn ọrùn ló dára jù. Kí irun kan ṣoṣo má yọ sábẹ́ etí awò, omi á máa jò wọlé.

Ní ti shark, ọkọ yín kò ṣì béèrè. Ẹja shark funfun wà ní Monterey Bay. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ọ̀kan bu ọkùnrin kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ ní Lovers Point, etíkun kan nítòsí Monterey, ó fara pa gan-an, ṣùgbọ́n ó yè. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ lókè omi ni wọ́n sábà máa ń ṣe é sí ju ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má fi ìlúwẹ̀ẹ́ gígùn lórí omi ṣe ìrìn-àjò. Ẹ tètè sọ̀kalẹ̀, abẹ́ omi náà ni kí ẹ gbà padà.

Bí ẹ bá mòòkùn lẹ́ẹ̀mejì ní Sátidé, tí ẹ kúrò nínú omi ní aago kan ọ̀sán, ẹ má wọ ọkọ̀ òfuurufú títí di aago méje àárọ̀ Sọ́ńdè, ó kéré tán. Ẹ tètè dé. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní Breakwater máa ń kún kíákíá. Kí ẹ sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi gbígbóná kan dání, kí ẹ fi aṣọ ìnura wé e. Kí ẹ tó padà wọ omi lẹ́ẹ̀kejì, kí ọkọ yín fa ọrùn aṣọ rọ́bà yín, kó dà á síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.