Ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe ni mo fi ń dáhùn

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní wọ́n fi ìbéèrè mẹ́ta síwájú yín: àṣà wo ló mọ́ yín lára jù, ta ló nípa lórí yín jù, ẹ̀kọ́ wo layé ti kọ́ yín. Ẹ ní ẹ kọ ìdáhùn, ẹ kà á, ó wá dà bíi pé ẹlòmíràn lẹ̀ ń ròyìn. Ó yé mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi irú ìbéèrè yìí bi ara mi. Ohun tó wu èèyàn láti jẹ́ ló máa ń sáré jáde lẹ́nu ṣáájú ohun tó jẹ́ gan-an. Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe ni mo fi ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àṣà, torí òun ló le jù. Ẹ má bi ara yín pé, "Irú èèyàn wo ni mí?" Ẹ bi ara yín pé, "Kí ni mo ṣe lánàá, látìgbà tí mo jí títí mo fi jáde nílé?" Lọ́dún 2002, Wendy Wood, onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, níbi tí wọ́n ti ní káwọn èèyàn máa kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Bíi 43 nínú 100 ohun tí wọ́n kọ ló jẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ní bíi ojoojúmọ́, tó sì sábà máa ń jẹ́ níbì kan náà. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọkàn wọn sábà máa ń wà níbòmíràn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ rántí ohun tí ọkàn yín ò sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń ṣe é?

Èmi náà mú ìwé kékeré kan, mo ń kọ aago, mo ń kọ ohun tí mo ń ṣe. N kò kọ ìdí rẹ̀ rárá. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá bi mí nípa àṣà mi, ìmọ́tótó ni mo máa ń dárúkọ. Ìwé yẹn sọ nǹkan mìíràn: tí iṣẹ́ bá ti dé ibi tó le, màá dìde, màá mú àkísà, màá nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Aago rẹ̀ wà níbẹ̀, léraléra. Bí mo ṣe rí i kọ sílẹ̀ báyẹn ni mo tó rí ohun tí mo lè dì mú. Ní báyìí, tó bá ti ń ṣe mí bíi kí n dìde, gbólóhùn kan sí i ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ ná.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọjọ́ 21 ni àṣà tuntun fi ń mọ́ èèyàn lára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Olùwádìí kan, Phillippa Lally, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọpa èèyàn 96 tó ń kọ́ àṣà tuntun. Nínú àwọn tí ìṣirò wọn yanjú, ẹni tó wà láàárín lo ọjọ́ 66 kí àṣà náà tó mọ́ ọn lára. Ẹlòmíràn ò lò ju 18 lọ, ẹlòmíràn sì wà tí ìṣirò ní yóò lò tó 254. Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba nǹkan jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn tù mí nínú gan-an.

Ní ti ẹni tó nípa lórí yín, ẹ má kọ orúkọ lásán, ẹ so ìṣe kan mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni Marcus Aurelius, olú ọba Róòmù tó kú lọ́dún 180, ṣe kọ tirẹ̀: ó to àwọn èèyàn lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ ohun tó rí gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá-bàbá rẹ̀. Tèmi ni ọ̀gá mi àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé wá bá a sọ̀rọ̀, á dé bírò rẹ̀, á gbé e kalẹ̀, á yí àga rẹ̀ kọjú sí onítọ̀hún. Kò kọ́ mi ní ìyẹn lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n èmi náà ń dé bírò báyìí.

Kì í sì í ṣe ẹni rere nìkan ló ń nípa lórí èèyàn. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu yín nígbà tínú bá ń bí yín. Ẹnu ta lẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ?

Ti ẹ̀kọ́ ayé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Nígbà tí mò ń tọ́jú màmá mi lórí àìsàn, ọ̀pọ̀ ló sọ fún mi pé, "Ohunkóhun tó o bá nílò, pè mí," tọkàntọkàn ni wọ́n sì sọ ọ́. N kò pe ẹnì kankan, torí n kò tiẹ̀ lágbára àtironú ohun tí mo nílò. Obìnrin kan wá, kò bi mí ní nǹkan kan, ó fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, ó kí màmá, ó lọ. Látìgbà náà, n kì í bi ẹni tó wà nínú ìṣòro pé kí ló fẹ́. Màá ní, "Mò ń bọ̀ láago mẹ́rin, màá bá ẹ fọ aṣọ. Tí kò bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, sọ fún mi." Ohun tí mò ń pè ní ẹ̀kọ́ nìyẹn, torí ó yí ohun tí mò ń ṣe padà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún ìdáhùn yín kọ, ẹ fi ìbéèrè kejì àti ìkẹta sílẹ̀ ná. Ẹ kọ ìwé aago yẹn fún ọjọ́ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tínú yín ò dùn sí níbẹ̀, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ ṣáà kọ aago rẹ̀ sí i.