Ta Ló Ń Wọlé Lọ Wo Àwọn Obìnrin Tó Wà Lẹ́wọ̀n?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin wà lẹ́wọ̀n. Nígbà tí mo lọ wò ó kẹ́yìn, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára wọ́dà tó dúró nítòsí. Ó ní páàdì tí wọ́n ń fún wọn fún nǹkan oṣù kì í tó, omi kì í yọ déédéé, ẹni tó bá sì ṣàròyé yóò di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Mo bá ọ̀gá kan níbẹ̀ sọ ọ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn alábẹ̀wò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n máa ń wá yẹ ibẹ̀ wò, wọn ò sì rí àléébù kankan. Ṣé òótọ́ ni pé àwọn wọ̀nyẹn kò sí lábẹ́ àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n? Báwo ni mo ṣe lè bá wọn sọ̀rọ̀ tí kò fi ní í di wàhálà sí àbúrò mi lọ́rùn? — *Ẹ̀gbọ́n Tọ́kàn Rẹ̀ Ò Balẹ̀*

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kú àníyàn, kú ìrọ́jú. Èmi náà ti wà nínú ìgbìmọ̀ irú àwọn alábẹ̀wò bẹ́ẹ̀ rí ní ọgbà ẹ̀wọ̀n obìnrin, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò ní owó oṣù nínú, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni màá sọ fún ọ.

"Wọ́n wá, wọn ò rí nǹkan kan" kì í ṣe ìdáhùn. Bi ọ̀gá yẹn léèrè bí wọ́n ṣe wá. Ṣé wọ́n ti ránṣẹ́ ṣáájú ni? Ta ló mú wọn kiri? Ta ló yan àwọn obìnrin tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ṣé wọ́dà sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́? Àwọn Ìlànà Mandela wà lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa tọ́jú ẹlẹ́wọ̀n, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2015, tí wọ́n sì fi sọrí Nelson Mandela tó lo ọdún 27 lẹ́wọ̀n. Ìlànà 83 sí 85 sọ ọ́ kedere pé, yàtọ̀ sí àyẹ̀wò tí àwọn aláṣẹ ẹ̀wọ̀n ń ṣe fúnra wọn, àwọn mìíràn tí kò sí lábẹ́ wọn náà gbọ́dọ̀ máa wá. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, láti bá ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀ níbi tí etí òṣìṣẹ́ kò dé, àti láti wo ìwé yòówù tó bá jẹ mọ́ ìtọ́jú àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní àṣẹ wọ̀nyí, àlejò lásán ni. Ohun tí wọ́n bá fi hàn án ni yóò rí.

Jẹ́ n sọ ohun tí èmi máa ń wò. Wọ́dà tó bá ń mú èèyàn kiri fẹ́ràn kó kọ́kọ́ mú un lọ sí yàrá ìránṣọ àti ibi ìkàwé, níbi tí gbogbo nǹkan ti wà létòlétò. Màá kí wọn, màá dúpẹ́, màá sì ní ká kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lẹ́yìn náà ká lọ sí yàrá tí wọ́n ń dá èèyàn tì mọ́. Màá ṣí ẹ̀rọ omi. Màá tẹ agogo ara ògiri tí ẹlẹ́wọ̀n fi ń pe òṣìṣẹ́, màá sì máa wo aago ọwọ́ mi títí ẹnìkan yóò fi yọjú.

Ọ̀rọ̀ páàdì tí o sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Níbi tí mò ń lọ, ìwé fi hàn pé wọ́n ń kó o wọlé, ẹnìkan sì ń buwọ́ lù ú. Mo ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó o sí, ó kún dé òkè. Síbẹ̀, àwọn obìnrin ń fa aṣọ ìbùsùn ya láti fi dípò páàdì. Ìgbà tí mo jókòó ti wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ tó jáde: ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà wà, ojúmọmọ nìkan lòun sì ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti lọ sílé, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé lóru yóò máa bẹ wọ́dà ọkùnrin pé kó bá òun wá a. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn kò lè lanu sọ ọ́, wọ́n á jókòó sórí ẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú ìwé yẹn o, ẹni tó ń ka ìwé nìkan ni kò lè mọ̀. A kọ ọ́ sínú àbọ̀ wa, a padà lọ béèrè, a tún padà lọ, títí wọ́n fi kó páàdì síbi tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ti lè mú u fúnra rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ojú àánú ni wọ́n ń ṣe. Àwọn Ìlànà Bangkok, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lóṣù Kejìlá ọdún 2010 nítorí àwọn obìnrin tó wà lẹ́wọ̀n, sọ nínú ìlànà karùn-ún pé ọ̀fẹ́ ni páàdì, omi sì gbọ́dọ̀ máa wà déédéé. Ìlànà 24 ní wọn kò gbọ́dọ̀ fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí obìnrin tó ń rọbí lọ́wọ́. Ìlànà 25 ní obìnrin gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó ń wá ṣàyẹ̀wò. Mo rí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ojú mi. Ìyá kan wà tí wọ́n gba ọmọ tó ṣì ń mu ọmú lọ́wọ́ rẹ̀, ọyàn rẹ̀ wú, ó le bí òkúta, wàrà ti rin aṣọ rẹ̀. Alábẹ̀wò ọkùnrin méjì ti bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, ó ní kò sí nǹkan kan.

Má sì rò pé agogo tí mò ń tẹ̀ yẹn kéré. Lọ́dún 2019, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Bronzefield ní Ìlú Ọba, ọmọbìnrin ọdún 18 kan dá bímọ lóru nínú yàrá tí wọ́n tì í mọ́. Ó ti tẹ agogo, ó ti ní kí wọ́n bá òun pe nọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó wá. Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó mọ̀, ọmọ náà kò sì yè. Àbọ̀ ìwádìí tó jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2021 wà fún gbogbo èèyàn láti kà. Mo ti kà á, ó sì ṣòro fún mi láti kà á tán.

O bi mí bóyá àwọn alábẹ̀wò yìí dá dúró lóòótọ́. Ní Ìlú Ọba, òfin ẹ̀wọ̀n ọdún 1952 ló wà lẹ́yìn ìgbìmọ̀ irú èyí. Ará ìlú ni wọ́n, wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ tiwọn lọ́wọ́, àpótí wà tí ẹlẹ́wọ̀n lè ju ìwé sí fún wọn. Síbẹ̀, mínísítà ló ń yàn wọ́n, nítorí náà o lẹ́tọ̀ọ́ láti fura. Àbọ̀ wọn ni kí o fi dá wọn mọ̀. Wá èyí tí wọ́n kọ kẹ́yìn lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àbúrò rẹ wà. Tí ìyìn nìkan bá kún inú rẹ̀, tí kò sí ibi tí ẹlẹ́wọ̀n ti sọ̀rọ̀, tí wàhálà tọdún tó kọjá sì ti pòórá láìsí àlàyé, wá ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀.

Ní ti ààbò àbúrò rẹ, kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló wà nínú ilé yẹn lóru. Ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n lè máa gbọ́ ọ. Kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, ilé wo nínú ọgbà, ta ló sọ fún, kí ni wọ́n dá lóhùn. Nígbà tí o bá ń kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, ní kí wọ́n wá wo omi àti páàdì ilé yẹn, kí o má dárúkọ rẹ̀ bí kò bá fẹ́. Alábẹ̀wò tó mọṣẹ́ yóò bá ọ̀pọ̀ obìnrin sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó sọ ọ́. Àdéhùn àgbáyé tó wà fún dídènà ìfìyàjẹni, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2006, ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹni tó bá bá irú alábẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i, ìbáà jẹ́ òótọ́ ló sọ, ìbáà má jẹ́ òótọ́. Bí wọ́n bá wá fìyà jẹ ẹ́, ẹ̀sùn tuntun nìyẹn, kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn alábẹ̀wò kò lè tú àbúrò rẹ sílẹ̀ o, wọn kò sì lè lé wọ́dà kúrò níṣẹ́. Bó bá jẹ́ àìsàn, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ para òun, má dúró de ìgbìmọ̀ kankan: dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n àti lọ́yà rẹ̀ ni kí o pè lójú ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ṣé mo lè máa gbé ọṣẹ àti aṣọ lọ fún wọn? — *Ìyá Àgbà*

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi, irú yín gan-an ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ohunkóhun wọlé, ẹ má sì bá wọn gbé lẹ́tà jáde. Ọjọ́ tí wọ́n bá ká a mọ́ yín lọ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé mọ́, àwọn obìnrin yẹn ló máa pàdánù. Bí ọṣẹ kò bá sí, inú àbọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Kí ẹ sì máa padà lọ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún ẹni tó ké sí yín, kódà bí ẹ ò bá rí i ṣe. Wọ́n máa wádìí yín kí wọ́n tó gbà yín, ó sì máa ń pẹ́, nítorí náà ẹ tètè fi ìwé sílẹ̀.