Bátìrì Ọkọ̀ Ojú Omi Wa Máa Ń Kú Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú wa. Ìlọrin ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n èmi àti àbúrò mi ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ní Jẹ́bà, lórí adágún tó wà lẹ́yìn dáàmù. Bí a bá lọ, a máa ń sun inú rẹ̀ fún òru méjì. Bátìrì kan ṣoṣo, AH 100 (ampere-wákàtí, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbé pamọ́), ni a fi ń sítáátì ẹ́ńjìnnì, òun náà ló sì ń gbé iná mẹ́ta, fáànù àti fìríìjì kékeré. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì kì í dáhùn mọ́. Ríwáyà wa ní kí a ra bátìrì tó tóbi ju èyí lọ. Ṣé kí a rà á? — Ọmọ Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó. Bátìrì ńlá kan ṣoṣo yóò kàn sún ìṣòro náà síwájú ni, kò ní mú un kúrò, nítorí pé iṣẹ́ méjì tí kò bára mu ni ẹ kó lé ẹyọ bátìrì kan lórí. Sítátà lè gba ju ampere 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dákẹ́; àmọ́ iná, fáànù àti fìríìjì ń bu díẹ̀díẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Ìdí nìyí tí bátìrì fi pín sí oríṣi méjì. Awo òjé inú bátìrì sítátà fẹ́lẹ́, ó sì pọ̀, kí agbára lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ti inú èyí tí wọ́n ń pè ní deep cycle nípọn, ó sì lè fara da kí a máa bu ú kí a sì tún máa rọ ọ́ kún lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ ya bátìrì kékeré kan sọ́tọ̀ fún sítátà nìkan, kí ẹ má ṣe so gílóòbù kan ṣoṣo mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí iná bá kú pátápátá lórí adágún, òun ni yóò gbé yín padà sí èbúté.

Kí ẹ tó ra èkejì, ìyẹn deep cycle tí yóò máa gbé iná, fáànù àti fìríìjì, ẹ jókòó ti bébà kí ẹ ṣírò ohun tí ẹ ń lò. Ẹ fi wáàtì ohun èlò kọ̀ọ̀kan sọ iye wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 12, tí í ṣe fólítì bátìrì yín, pín in. Iná LED mẹ́ta oníwáàtì 5, fún wákàtí 5, yóò jẹ nǹkan bí AH 6. Fáànù wáàtì 20, fún wákàtí 8, yóò jẹ 13. Fìríìjì wáàtì 45 tó ń ṣiṣẹ́ ní ìdajì ọjọ́ yóò jẹ 45. Ẹ rí i pé fìríìjì nìkan ju ìlọ́po méjì ìyókù lọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ AH 64 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ bátìrì òjé dà bí àmù tí a kò gbọdọ̀ bu kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kó pẹ́. 50 péré ni ti AH 100. Bí ẹ bá pa gbogbo nǹkan, tí bátìrì sinmi fún wákàtí mélòó kan, tí ẹ wá fi mítà wọ̀n ọ́n, fólítì 12.7 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.2 sì túmọ̀ sí pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì.

Èmi ì bá gbé kúlà àti áìsì bílọ́ọ̀kù dání fún òru méjì, kí n sì fi fìríìjì sílẹ̀. Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbára lé sólà, nítorí ohun tí ẹ́ńjìnnì kékeré ń dá padà kò tó nǹkan, àgàgà nígbà tó bá ń rọra sáré. Panẹ́ẹ̀lì wáàtì 100 lè fún yín ní AH 25 sí 30 lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa. Lásìkò ọyẹ́ àti òjò, yóò dín kù. Panẹ́ẹ̀lì méjì ni fìríìjì yín ń fẹ́, pẹ̀lú controller, ohun tó ń ṣàkóso iná tó ń wọ bátìrì, láàárín panẹ́ẹ̀lì àti bátìrì.

Ọ̀rọ̀ wáyà ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Mo ti ṣí àpótí bátìrì inú ọkọ̀ kan rí, tí wáyà tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé, èyí tó jẹ́ ọ̀pá bàbà kan ṣoṣo, wà níbẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì ti ṣẹ́ ẹ ku díẹ̀, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo ẹnu rẹ̀, nígbà tí mo sì fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí abọ́ ẹ̀kọ. Kò sí fíúsì kankan, bẹ́ẹ̀ jálá epo bẹntiróòlù wà ní ìtòsí. Wáyà olókùn wẹ́wẹ́ tó nípọn ni kí ẹ lò, kí fíúsì wà ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì sí orí bátìrì, kí àpótí náà sì ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, torí gáàsì tó ń jáde nígbà tí bátìrì òjé bá ń gbaná lè gbiná.

Pọ́ńpù tó ń gbọ́n omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ so mọ́ bátìrì deep cycle tààrà, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀, láì gba ọ̀dọ̀ súwíìṣì ńlá, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti pa ohun gbogbo, tí ẹ sì ti padà sí Ìlọrin.