Kí ló dé tí àwọn ìjọ Àgùdà fi ń gbàdúrà ní aago mẹ́ta ọ̀sán?

Aago mẹ́ta ni Jésù kú lórí àgbélébùú. Àdúrà Àánú Ọlọ́run ni wọ́n ń gbà. Ọdún 1935 ni Sístà Faustina, ọmọ Póláǹdì, kọ àdúrà náà sínú ìwé rẹ̀, ó ní Jésù ló kọ́ òun. Ọ̀rọ̀ pé kí a máa gbàdúrà ní aago mẹ́ta tẹ̀ lé e ní 1937. Ọmọ ọdún 33 péré ló kú, ní 1938. Póòpù John Paul Kejì sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní 2000. Ìlẹ̀kẹ̀ róòsárì náà la fi ń ka àdúrà yìí.

Léèsì ni màmá mi ń tà ní Balógun. Tí fóònù wọn bá ti dún ní aago mẹ́ta báyìí, wọ́n á ká aṣọ sórí itan, oníbàárà tó ń ná ọjà lọ́wọ́ á sì dúró ná. Àwọn kan máa ń bínú lọ. Púpọ̀ nínú wọn ló ń padà wá.