Sílébù mélòó ló wà nínú "characteristically"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Mo fẹ́ ka bébà kan níwájú èrò, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, characteristically, sì wà nínú rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè pín in sí méje: char-ac-ter-is-ti-cal-ly. Àmọ́ mẹ́fà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́. Èwo ni kí n tẹ̀ lé, sílébù wo ni kí n sì tẹnu mọ́?

Ìdáhùn: Etí yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Mẹ́fà ni. Àmì tó gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ kì í ṣe ti ìpè. Àwọn tó ń tẹ̀wé ló wà fún, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti lè gé ọ̀rọ̀ bí ìlà bá tán. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ìpè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹ ó rí i pé "a" tó wà nínú -ically kò dún rárá, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú basically. Ìró fáwẹ́ẹ̀lì là ń kà, kì í ṣe lẹ́tà: ka-rak-ta-RIS-tik-li.

RIS ni ẹ ó tẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí -ic, sílébù tó ṣáájú -ic ló sábà máa ń gba agbára: fanTAStic, ecoNOmic. Ẹ fi -ally kún un, kò ní kúrò níbẹ̀. (Arabic kò tẹ̀ lé òfin yìí o, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ la ti ń tẹnu mọ́ ọn.) Nínú ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀ òde òní, àmì kékeré tó wà lókè (ˈ) nínú ìpè tí wọ́n kọ máa ń ṣáájú sílébù tí a tẹnu mọ́, kì í tẹ̀ lé e. Èyí tó wà nísàlẹ̀ (ˌ) níwájú "ka" ń sọ pé "ka" gba agbára díẹ̀, tí kò tó ti RIS.

Ṣùgbọ́n RIS kọ́ ló ń dá àwa tí à ń sọ Yorùbá láàmú. Àwọn tó kù ni. Lédè tiwa, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń pe gbogbo wọn já gaara. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀: "rak" àti "ta" á kúrú, fáwẹ́ẹ̀lì wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Bí ẹ bá pe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bákan náà, RIS ò ní yọ, bó ti wù kí ẹ pariwo rẹ̀ tó. Ẹ kọ́kọ́ máa sọ "ka-RIS" nìkan, kí ẹ fọwọ́ gbá tábìlì lórí sílébù méjèèjì, kí tìkejì le ju tàkọ́kọ́ lọ. Bó bá ti mọ́ yín lẹ́nu, ẹ wá fi "rak-ta" sáàárín wọn láì gbá tábìlì rárá.