Ọmọ mi fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lórí òkun: kí ló yẹ ká béèrè kó tó fọwọ́ sí ìwé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Kápúténì. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, rí iṣẹ́ sórí ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ àti irinṣẹ́ láti èbúté Onne lọ fún àwọn tó ń wa epo láàárín òkun. Ẹ̀rù àwọn ajínigbé orí omi ń bà mí. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ? – Ìyá kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Ewu náà wà, àmọ́ kò rí bó ṣe rí lọ́dún 2020 mọ́. Lọ́dún yẹn, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 ni IMB, àjọ àgbáyé tó ń ka ìkọlù àwọn ajalèlókun, kà pé wọ́n jí gbé lórí omi gbogbo ayé, 130 nínú wọn ló sì jẹ́ lórí omi Gínì (Gulf of Guinea) tiwa níbí. Ìkọlù 81 tí wọ́n kà lọ́dọ̀ wa lọ́dún náà já wá sí 35 lọ́dún 2021. Òfin tí ìjọba ṣe lọ́dún 2019 láti fi gbógun ti àwọn ajalèlókun ràn wá lọ́wọ́: ọkùnrin mẹ́wàá tó já ọkọ̀ apẹja Hailufeng 11 gbà ní May 2020 gba ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlá-méjìlá l'Ékòó. Deep Blue, ètò ààbò orí omi ti NIMASA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi, náà tún kún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo irú ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, níbi tí wọ́n ń to ẹrù sí, lọ sílẹ̀ gan-an, ó kù díẹ̀ kó bá omi dọ́gba. Bó bá dúró ti òpó epo lóru, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì méjì lè yọ sí i láìtan iná, wọn a gbé àkàbà lé e, kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti wà lókè. Ẹrù kọ́ ni wọ́n ń wá mọ́. Èèyàn ni.

Nítorí náà, kó kọ́kọ́ béèrè nípa yàrá ààbò, èyí tí àwa ń pè ní citadel: yàrá onírin nísàlẹ̀ ọkọ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ máa sá wọ̀, tí wọ́n á ti ilẹ̀kùn látinú, tí wọ́n á sì fi fóònù sátẹ́láìtì pe ọmọ ogun ojú omi. Mo bá ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ rí tó jẹ́ pé agolo ọ̀dà àti okùn ni wọ́n kó kún inú tiwọn, débi pé ilẹ̀kùn kò lè pa dé. Bátìrì fóònù ti kú. Omi mímu tó wà níbẹ̀ kò ju ike mẹ́ta lọ, àwa mẹ́rìnlá la sì wà nínú ọkọ̀. Bí mo bá rántí ilẹ̀kùn yẹn, àyà mi ṣì máa ń já. Kó béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdánrawò kẹ́yìn, kó sì ní kí wọ́n tan fóònù náà lójú òun. Irin nìkan kì í gbani: ní January 2021, àwọn ajalèlókun gé yàrá ààbò ọkọ̀ Mozart, tó gbéra l'Ékòó tó ń lọ Cape Town, wọ́n pa èèyàn kan, wọ́n sì kó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Lẹ́yìn náà, ìwé àdéhùn. Láti December 2020, MLC, òfin àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ti sọ pé bí wọ́n bá jí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ gbé, iṣẹ́ rẹ̀ kò bọ́, owó oṣù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró títí wọn yóò fi tú u sílẹ̀ tí yóò sì délé. Mo ti rí ìyàwó ilé tí owó oṣù ọkọ rẹ̀ dá dúró nígbà tí ọkọ wà nínú igbó lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, tó ń yá owó jẹun. Ẹ má gbà kí wọ́n fẹnu lásán sọ ọ́. Kó wà nínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tí ẹ̀yin gan-an máa pè lóru bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. (Bó bá sì ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́, ẹ má gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Àwọn tó mú un ń wò ó, iye tí wọ́n ń béèrè á sì máa lé sí i.)

Bí wọ́n bá dá a lóhùn gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kó lọ, kẹ́ ẹ sì máa gbàdúrà fún un. Bí wọ́n bá ní, «Wọlé ná, a ó máa sọ ìyẹn tó bá yá,» kó fi bírò wọn sílẹ̀ lórí tábìlì, kó máa bọ̀ nílé.